Kọfí Olóǹtẹ̀ Bird Friendly: Ǹjẹ́ Owó Tí A Ń San Ń Dé Ọ̀dọ̀ Oyin Inú Igbó?

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni kọfí tí ó ní òǹtẹ̀ Bird Friendly, òǹtẹ̀ tí Smithsonian, àjọ ìwádìí kan ní Washington ní Amẹ́ríkà, ń fún àwọn oko kọfí tí ó bá pa àwọn òfin rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe nítorí adùn nìkan ni mo ṣe ń rà á. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí ènìyàn fi lé owó kọfí nítorí òǹtẹ̀ yìí ń ṣe oore kankan fún àwọn oyin inú igbó, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ilé fún, tí ẹnikẹ́ni kò sì san owó iṣẹ́ fún, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ wọn ń mú kí igi kọfí so dáadáa. Ẹyẹ ni orúkọ òǹtẹ̀ náà dá lé, kò sí àwòrán oyin kankan lára rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti ń mu kọfí yìí fún ìgbà pípẹ́, tí mo sì ti ka ohun tí àwọn olùwádìí kọ nípa oyin àti oko kọfí, èrò mi ni pé nínú gbogbo ohun tí ẹni tí ń ra kọfí ní ṣọ́ọ̀bù lè fi ran àwọn oyin wọ̀nyí lọ́wọ́, èyí ni ó sún mọ́ ọn jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ibì kan wà tí ó ti kù díẹ̀ káàtó.

Àpò tí ó wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Chiapas, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí kò jìnnà sí ibi tí mo ń gbé ní Maryland ni ó yan án. Dọ́là 18 ni mo ra àpò oníwọ̀n 340 gíráàmù, nígbà tí kọfí lásán tí ó kún orí pẹpẹ súpámákẹ́ẹ̀tì kò ju nǹkan bí ìdajì iye yẹn lọ fún ìwọ̀n kan náà. Owó ńlá ni. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé e lè mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Adùn rẹ̀ dára. Kò kan lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò korò bí èyí tí wọ́n yan títí tí ó fi dúdú kirikiri. Adùn kòkó àti ti ẹ̀pà yíyan wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì ti kún ilé ìdáná kí omi gbígbóná tó kàn án. Fúnra mi ni mo ń lọ̀ ọ́, asẹ́ oníwèé ni mo sì fi ń sẹ́ ẹ. Ẹni tí ó ń fi mílíìkì àti ṣúgà mu kọfí yóò rí i pé mílíìkì kò bo adùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n kò lè sọ fún ènìyàn bóyá oyin dé oko tí kọfí kan ti wá tàbí kò dé ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì sọ fún yín pé òun ń tọ́ igbó wò nínú ife kọfí ń sọ ju ohun tí ó mọ̀ lọ.

Ojú ni ó lè rí nǹkan díẹ̀. Mo da ìwọ̀nba hóró kọfí láti inú àpò náà sórí àwo funfun, mo sì fi ìka yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Hóró méjì ni ó máa ń wà nínú èso kọfí tí ó pé, wọ́n a kọjú sí ara wọn bí awẹ́ obì gbànja. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ kan hóró kọ̀ọ̀kan fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ilà kan sì là á láàárín. Bí àtíkè òdòdó, ìyẹ̀fun tí oyin ń gbé láti inú òdòdó kan dé òmíràn kí ó lè di èso, kò bá dé inú òdòdó tó, ọ̀kan nínú méjèèjì lè má dàgbà rárá, èyí tí ó kù á wá gba gbogbo àyè inú èso náà, á sì rí róbótó. Díẹ̀ ni hóró róbótó tí mo rí lórí àwo náà, wọ́n kéré sí àwọn tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ilà wọn sì wọ inú jìn. N kò gbé ìdájọ́ kankan lé èyí, nítorí pé àwọn tí ń ṣa kọfí máa ń yọ hóró róbótó sọ́tọ̀ kí wọ́n tó tà á, ìran igi àti ojú ọjọ́ náà sì máa ń fà á. Ṣùgbọ́n ó dára kí ẹni tí ń mu kọfí mọ̀ pé ohun kan wà nínú àpò rẹ̀ tí ó lè jẹ́ àmì òdòdó tí oyin kò bẹ̀ wò tó.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Igi kọfí máa ń tanná nígbà tí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá. Gbogbo oko a funfun lẹ́ẹ̀kan náà, òórùn dídùn a gba àyíká kan, ṣùgbọ́n òdòdó náà kì í pẹ́; láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó ti rọ. Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni gbogbo iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí. Arabica, ẹ̀yà kọfí tí ó pọ̀ jù lọ lọ́jà àgbáyé, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó wà nínú àpò tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, lè fi àtíkè òdòdó ara rẹ̀ so èso, èyí tí ó mú kí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, àti àwọn onímọ̀ pàápàá, gbà fún ìgbà pípẹ́ pé kò nílò oyin. Robusta, ẹ̀yà kọfí mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Àtíkè igi kan kò lè mú kí òdòdó igi náà fúnra rẹ̀ so, àfi kí afẹ́fẹ́ tàbí kòkòrò gbé ti igi mìíràn wá bá a.

Ohun ìyanu kan tún wà nínú òdòdó yìí. Káfíìnì, èròjà tí ó ń lé oorun lọ lójú wa, wà nínú omi dídùn tí oyin ń mu níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi korò lẹ́nu oyin. Ní ọdún 2013, Geraldine Wright, tí ó wà ní Yunifásítì Newcastle nígbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé nínú àwọn oyin tí ó mu omi dídùn oníkáfíìnì, iye àwọn tí ó ṣì rántí òórùn òdòdó náà ní ọjọ́ kejì tó ìlọ́po mẹ́ta iye àwọn tí ó rántí nínú àwọn tí ó mu omi ṣúgà lásán. Ohun tí àwa ń mu láti jí ojú ni igi kọfí fi ń rán oyin létí kí ó padà wá.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ọ̀rọ̀ arabica àti oyin rò ni David Roubik, ọmọ àjọ Smithsonian kan náà, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ka rẹ̀ ní Panama. Ní ọdún 2002, ó fi hàn pé àwọn ẹ̀ka kọfí tí oyin ráàyè dé so ju àwọn tí a bò mọ́ oyin lọ, àlékún náà sì ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Àwọn oyin tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìran àwọn ayaba oyin tí onímọ̀ oyin kan, Warwick Kerr, kó láti Áfíríkà lọ sí Brazil ní ọdún 1956 ni wọ́n; ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, díẹ̀ nínú wọn sá wọ igbó, ìran wọn sì tàn láti ibẹ̀ lọ títí dé àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Igi tí ó wá láti Etiópíà àti oyin tí ó wá láti Áfíríkà tún pàdé ara wọn ní òdìkejì òkun, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ àtijọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yà oyin kan ṣoṣo kò tó, ìwádìí tí ó sì mú èyí dá mi lójú jù ni ti Alexandra-Maria Klein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní erékùṣù Sulawesi ní Indonéṣíà, tí ó jáde ní ọdún 2003. Wọ́n lọ sí oko kọfí abẹ́ igi 24, wọ́n ka irú oyin tí ó ń bẹ òdòdó wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ka iye òdòdó tí ó di èso. Ní oko tí ẹ̀yà oyin mẹ́ta péré ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí òdòdó 60 nínú 100 ni ó di èso. Ní oko tí ẹ̀yà oyin tó ogún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àgbẹ̀. Kò fi kún ilẹ̀, kò fi kún ajílẹ̀, kò gba òṣìṣẹ́ sí i, síbẹ̀ ìkórè rẹ̀ pọ̀ sí i nítorí pé onírúurú oyin ń gbé ní tòsí. Àwọn kan ń tètè jí ju àwọn yòókù lọ, àwọn kan kì í bẹ̀rù òjò wínníwínní, àwọn kan ń fò láti orí igi kan sí òmíràn nígbà tí àwọn mìíràn ń jókòó ti igi kan títí omi dídùn rẹ̀ yóò fi tán. Ohun tí ọ̀kan fi sílẹ̀ ni òmíràn ń ṣe.

Nísinsìnyí ni a wá dé orí ohun tí òǹtẹ̀ náà béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀. Oko náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìwé ẹ̀rí pé kò lo oògùn apakòkòrò tàbí ajílẹ̀ oníkẹ́míkà. Lẹ́yìn èyí, ibòji igi gbọ́dọ̀ bo ó kéré tán ìdá 40 nínú 100 oko náà, kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ̀ka. Àwọn igi tí ó jẹ́ òpómúléró ibòji náà gbọ́dọ̀ ga tó mítà 12. Ẹ̀yà igi tí ó wà níbẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní mẹ́wàá, igi tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ náà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ jù. Láàárín àwọn ọdún 1990 sí 1999 ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ní Smithsonian gbé òfin wọ̀nyí kalẹ̀, nítorí pé wọ́n rí i pé àwọn ẹyẹ tí ń ti Amẹ́ríkà ti Àríwá lọ lo ìgbà òtútù ní ilẹ̀ olóoru ń pàdánù ibùgbé. Lẹ́yìn tí àrùn ewé kọfí tí wọ́n ń pè ní roya dé Brazil ní ọdún 1970, ọ̀pọ̀ oko ní Latin America ni wọ́n ti gé igi ìbòji kúrò, tí wọ́n fi kọfí nìkan sílẹ̀ nínú oòrùn, tí wọ́n sì fi ajílẹ̀ àti oògùn rọ́pò iṣẹ́ tí igbó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí òfin tí a ṣe nítorí ẹyẹ fi di àǹfààní oyin, kí ó ro ti àwọn ọjọ́ tí kọfí kò tanná. Oyin kò lè jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó wá gbààwẹ̀ ní ìyókù ọdún. Nínú oko tí kọfí nìkan wà, oúnjẹ a pọ̀ yanturu fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà kò tún sí nǹkan kan mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì sí oyin inú igbó tí yóò kọ́lé sí irú ibẹ̀. Níbi tí ẹ̀yà igi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà, bí ọ̀kan bá rọ òdòdó rẹ̀ sílẹ̀, òmíràn a bẹ̀rẹ̀. Igi tí ó ga, tí ó sì ti gbó, a máa ní ihò nínú, irú ihò bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oyin kéékèèké tí kì í ta ènìyàn, tí ó pọ̀ gidigidi ní ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà, ń fi ṣe ilé. Àwọn mìíràn ń dá gbé inú ilẹ̀, oògùn apako àti oògùn apakòkòrò ni ó sì ń pa wọ́n run jù. Ní Chiapas, níbi tí kọfí inú àpò mi ti wá, Shalene Jha àti John Vandermeer rí i nínú ìwádìí wọn tí ó jáde ní ọdún 2010 pé iye ẹ̀yà igi inú oko, iye igi tí ó ń tanná, àti bí ewé ṣe bo ojú oko tó, wà lára ohun tí ó ń pinnu bí oyin ìbílẹ̀ yóò ti pọ̀ tó. Ohun tí Smithsonian ń wọ̀n fún ẹyẹ náà nìyí, yàtọ̀ sí ti òdòdó igi nìkan.

Ìwádìí kan wà tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn tí ó ni òǹtẹ̀ yìí tẹ̀ sára gbogbo àpò. Ní ọdún 2022, Alejandra Martínez-Salinas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní oko kọfí 30 ní Costa Rica jáde. Wọ́n fi àwọ̀n bo àwọn ẹ̀ka kan kí ẹyẹ má lè dé ibẹ̀, wọ́n fi àpò bo òdòdó àwọn mìíràn kí oyin má lè dé ibẹ̀, wọ́n bo àwọn kan mọ́ àwọn méjèèjì, wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ gbayawu. Ẹyẹ ń jẹ kòkòrò tí ń lu èso kọfí, oyin ń mú kí òdòdó di èso tí ó wúwo tí ó sì dọ́gba. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé nígbà tí àwọn méjèèjì bá wà pọ̀, àǹfààní wọn ju kí a kàn ro ti ẹyẹ pọ̀ mọ́ ti oyin lọ. Bí àwọn méjèèjì kò bá sí, ìkórè a fi ìdá 24.7 nínú 100 dín kù ní ìpíndọ́gba, èyí tí wọ́n ṣírò sí nǹkan bí dọ́là 1,066 lórí hẹ́kítà kan. Nítorí náà, òǹtẹ̀ tí ó ń dá ààbò bo ẹyẹ kò fi oyin sílẹ̀ lẹ́yìn. Oko kan náà ni wọ́n jọ ń ṣọ́.

Ní Costa Rica kan náà ni mo ti rí ìdí tí mo fi gbà pé owó òǹtẹ̀ ṣe pàtàkì ju ẹ̀kọ́ lásán lọ. Láàárín ọdún 2000 sí 2003, Taylor Ricketts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí nínú oko kọfí ńlá kan tí abala igbó méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan tó hẹ́kítà 46, èkejì tó 111. Kọfí tí kò jìnnà ju nǹkan bí kìlómítà kan sí igbó so ju èyí tí ó jìnnà lọ pẹ̀lú ìdá 20 nínú 100, hóró róbótó sì dín kù pẹ̀lú ìdá 27 nínú 100. Wọ́n ṣírò pé iṣẹ́ oyin inú igbó méjèèjì yẹn tó nǹkan bí 60,000 dọ́là lọ́dún kan fún oko kan ṣoṣo yìí. Ìròyìn náà tàn káàkiri, àwọn ènìyàn sì ń tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé igbó ń san owó ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kọfí já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, àwọn tí ó ni oko náà sì hú kọfí, wọ́n gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó, èyí tí kò nílò oyin inú igbó rárá. Oyin ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn kò yí padà, ṣùgbọ́n iye tí a kọ sí ìwé fún wọn di òdo lọ́jọ́ tí kọfí kò pa owó mọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni n kò ti ka dọ́là díẹ̀ tí a ń fi lé owó kọfí abẹ́ ibòji sí àṣejù. Owó yẹn ni ó lè mú kí àgbẹ̀ fi igi sílẹ̀ lọ́dún tí ọjà kò bá dára.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán tàn yín jẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń rà á, àpò mìíràn wà tí wọ́n ya ẹyẹ aláràbarà àti ewé sí níwájú, tí ó sì jẹ́ pé kò sí òǹtẹ̀ kankan níwájú tàbí lẹ́yìn. Àwòrán lásán ni, kò sì sí ẹni tí ó lọ wo oko náà. Òǹtẹ̀ pé a kò lo kẹ́míkà nìkan dára, ó ń gba oyin lọ́wọ́ májèlé, ṣùgbọ́n oko tí kò ní igi kankan lè gbà á. Òǹtẹ̀ Rainforest Alliance, èyí tí ó ní àwòrán ọ̀pọ̀lọ́, ń béèrè nǹkan kan nípa igi pẹ̀lú, ó sì rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n òfin ibòji rẹ̀ kò le tó ti Smithsonian, kò sì fi dandan lé e pé kí oko má lo kẹ́míkà rárá. Nítorí oyin, ti Smithsonian ni mo máa mú láàárín wọn.

Síbẹ̀, mo ní ẹ̀sùn. Àkọ́kọ́ ni pé òfin náà ń wo inú oko, kò wo bí oko ṣe jìnnà sí igbó tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí Costa Rica fi hàn pé kìlómítà kan péré lè mú ìyàtọ̀ wá. Oko méjì lè gba òǹtẹ̀ kan náà, kí ọ̀kan wà létí igbó kìjikìji, kí pápá ẹran sì yí èkejì ká, ẹni tí ń ra kọfí kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Èkejì, n kò rí ohunkóhun nínú àwọn òfin tí wọ́n ń kéde tí ó bá oyin sọ̀rọ̀ ní tààrà: bóyá kí àgbẹ̀ fi igi gbígbẹ sílẹ̀ fún àwọn tí ń lu ihò sínú igi, kí ó má ṣe tu gbogbo koríko olódòdó abẹ́ kọfí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì dá etí ilẹ̀ díẹ̀ sí láìro fún àwọn tí ń gbé inú ilẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ní ná àgbẹ̀ lówó púpọ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ó ń yan kọfí, kì í ṣe ti Smithsonian. Orúkọ ìpínlẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nìkan ni wọ́n kọ sára àpò. Mo kọ lẹ́tà sí wọn láti béèrè irú igi tí ó wà ní oko náà àti bóyá igbó wà nítòsí, wọn kò sì fèsì. Ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ ènìyàn nítorí igbó, ó yẹ kí ó lè sọ̀rọ̀ igbó náà.

Ẹ̀dùn ọkàn mi tí ó tóbi jù ni pé àwọn àgbẹ̀ tí iṣẹ́ oyin kàn jù kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Arabica ni ó kún inú àwọn àpò olóǹtẹ̀ tí mo ń rí, Latin America ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti wá. Robusta, tí kò lè dá so láìsí àtíkè igi mìíràn, ni wọ́n ń gbìn ní ẹkùn Plateaux ní Tógò, ní àyíká Kpalimé, Badou àti Atakpamé; agbègbè Atakpamé yìí ni àwọn ìbátan wa tí ń sọ èdè Ifẹ̀ ń gbé. Òun náà ni ó pọ̀ jù nínú kọfí Nàìjíríà, yàtọ̀ sí arabica orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ní Kodagu, ní gúúsù Íńdíà, Smitha Krishnan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé oyin ńlá kan tí ń so afárá rẹ̀ rọ̀ sórí igi gíga ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí fún robusta. Bí wọ́n bá gé igi gíga, ibo ni yóò so afárá sí? Ọ̀ràn tiwa náà ni. Àwọn àgbà wa tí wọ́n gbin kòkó àti obì pọ̀ sábẹ́ igi ńlá kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní oko abẹ́ ibòji. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò wọn oko bẹ́ẹ̀, tí yóò fi òǹtẹ̀ sí i, tí yóò sì bá àgbẹ̀ wá oníbàárà tí yóò san owó rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, CRIN, tí ó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ ní Ìbàdàn láti ọdún 1964, ní kọfí lára àwọn irúgbìn tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Inú mi yóò dùn gan-an bí iṣẹ́ lórí oyin àti kọfí bá ti ibẹ̀ jáde dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra kọfí, tí mo bá sì rí àpò robusta abẹ́ ibòji láti ilẹ̀ wa lórí pẹpẹ níbí, n kò ní wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún kọfí olóǹtẹ̀ yìí. Ìràwọ̀ karùn-ún wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí òfin rẹ̀ bá dárúkọ oyin, tí a sì wọn bí oko ṣe jìnnà sí igbó mọ́ ọn. Ẹni tí ó ń mu ife kan lójúmọ́ lè gbé owó rẹ̀ láìfi nǹkan kan du ara rẹ̀. Ẹni tí ó ní ilé ńlá tí gbogbo wọn ń mu kọfí lè máa ra èyí ní òpin ọ̀sẹ̀, kí ó sì máa ra èyí tí ó ní òǹtẹ̀ àìlo-kẹ́míkà ní àwọn ọjọ́ yòókù. Ẹ ra hóró, ẹ má ra lílọ̀, ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n yan án, nítorí pé kì í tètè tà bí àwọn yòókù, ó sì lè ti pẹ́ lórí pẹpẹ. Àpò kan tí mo rà tí ó ti lé ní oṣù mẹ́rin kò ní òórùn kankan mọ́. Ẹ yí àpò padà kí ẹ tó sanwó, torí pé ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń tẹ òǹtẹ̀ náà sí. Smithsonian ní àkójọ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ta kọfí olóǹtẹ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni kí ẹni tí kò bá rí i ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò rẹ̀ kọ́kọ́ wò.